Ìsopọ̀ Tó Ti Kú Tí Iná Rẹ̀ Ṣì Ń Tàn

Bí kébù tó so ráútà méjì pọ̀ ní tààrà bá já, àwọn méjèèjì á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Iná ẹnu pọ́ọ̀tù á kú, ráútà á yọ ọ̀nà yẹn kúrò nínú àwọn ọ̀nà tó mọ̀, á sì gba ibòmíràn bí ibòmíràn bá wà. Irú èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ fìyà jẹ èèyàn. Èyí tó ń fìyà jẹ wá ni ìsopọ̀ tó ti kú tí pọ́ọ̀tù rẹ̀ kò sì mọ̀. Iná ń tàn, ẹ̀rọ ń sọ pé "up", pákẹ́ẹ̀tì ń jáde lọ, ìkankan nínú wọn kò sì dé ibi tí a rán an. Àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ á wo ojú kọ̀ǹpútà títí, ẹ ò ní rí ohun tó pupa.

Ohun tí orí ìwé yìí fẹ́ kọ́ yín ni bí ráútà ṣe lè mọ̀, kí oníbàárà tó mọ̀, pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò gbọ́ òun mọ́. Gbogbo ọ̀nà tí a máa yẹ̀ wò nísàlẹ̀, ìbéèrè yìí ni mo máa fi wọ̀n ọ́n: ṣé ó lè sọ fún mi pé ẹnì kejì ń gbọ́ mi? Ọ̀nà tí kò bá lè dáhùn rẹ̀ wúlò fún nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán an.

Ohun tí pọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ mọ̀

Pọ́ọ̀tù kò mọ̀ ju ohun tó ń wọlé sí i lọ. Yàtọ̀ sí àwọn SFP kan tó ń lo okùn kan ṣoṣo fún lílọ àti bíbọ̀, okùn méjì ni fáíbà tó so ẹ̀rọ méjì pọ̀ sábà máa ń jẹ́: ọ̀kan ń gbé ìmọ́lẹ̀ yín lọ, èkejì ń gbé tiwọn bọ̀. Iná tó ń tàn lẹ́nu pọ́ọ̀tù yín ń jẹ́rìí pé ìmọ́lẹ̀ tiwọn ń dé. Kò sọ nǹkan kan nípa okùn tí ẹ fi ń ránṣẹ́. Bí okùn yẹn nìkan bá já lábẹ́ títì, ìmọ́lẹ̀ wọn ṣì ń wọlé sọ́dọ̀ yín, pọ́ọ̀tù yín kò sì ní ìdí láti kú.

Àwọn tó ṣe Ethernet ti ro èyí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí 10 Gigabit Ethernet ti jáde ní ọdún 2002, pọ́ọ̀tù tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ gbà mọ́ á dá àmì kan padà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Remote Fault. Ẹni tó bá gba àmì yẹn á ti pọ́ọ̀tù tirẹ̀ náà. Okùn kan já, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kú pọ̀: bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lórí fáíbà Gigabit 1, autonegotiation ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa autonegotiation kí ìsopọ̀ lè tètè dìde: ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ohun tí kò jẹ́ kó dìde. Bí ẹ bá pa á, ẹ ti mú ohun tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ fún ẹnì kejì pé òun ò gbọ́ ọ mọ́ kúrò, ọjọ́ tí okùn kan bá sì já ni ẹ máa tó mọ ohun tí ẹ pàdánù.

Ọ̀pọ̀ fáíbà kì í ṣàdédé kú, agbára ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á ti máa dínkù bọ̀. Ìdọ̀tí á wà lẹ́nu kọnẹ́tọ̀, ẹnì kan á ti ká kébù jù lẹ́yìn ràákì, tàbí kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti jó okùn pọ̀ nígbà tí àwọn tó ń ṣe títì gé e kò dára tó. SFP ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà, ẹ sì lè bi í. Lórí Linux, àṣẹ náà ni:

ethtool -m eth1

Ẹ wá ìlà tó sọ "Receiver signal average optical power". Ká fi 10GBASE-LR ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tí kò ju kìlómítà 10 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù tó lè gbà tí ọ̀rọ̀ kò ní bàjẹ́ ni -14.4 dBm. Fáíbà tí gbogbo èèyàn ń lò máa ń jẹ nǹkan bíi 0.35 dB ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan bí ìmọ́lẹ̀ bá wà ní 1310 nm. Bí ẹnì kejì bá ń rán -2 dBm, tí ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 10, okùn á jẹ 3.5, kọnẹ́tọ̀ á jẹ díẹ̀, ó yẹ kí ẹ máa rí nǹkan bíi -6 dBm. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fa fáíbà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí -11, ìsopọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó tíì pè, ṣùgbọ́n 5 dB ti sọ nù síbì kan, kò sì ní dúró síbẹ̀. Ẹ rán ẹni tó máa nu ẹnu kọnẹ́tọ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ tó di ti òru. Bó bá jẹ́ "-inf" tàbí -40 ni ẹ rí, ìmọ́lẹ̀ kankan kò wọlé.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: ẹ̀rọ míì mọ̀ pé iná ti kú, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ráútà Cisco tó ń lo IOS ti àtijọ́ máa ń dúró ìṣẹ́jú àáyá 2 kí wọ́n tó sọ fún àwọn ìyókù inú ráútà pé pọ́ọ̀tù ti ṣubú. Carrier-delay ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ nínú ìdánwò yín, ẹ wò ó níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tó dúró láàárín

Níbí ni ọ̀pọ̀ jù nínú wàhálà wa wà, nítorí pé kò wọ́pọ̀ kí ráútà méjì fojú kan ara wọn. Kọnfátà á wà láàárín, tàbí súwíìṣì, tàbí rédíò méjì lórí òpó.

Ẹ mú kọnfátà, àpótí kékeré tó ń sọ fáíbà di kébù kọ́pà. Fáíbà wọlé láti títì, ó dé ara ògiri nísàlẹ̀ ilé, ó wọ kọnfátà, kébù kọ́pà sì gòkè lọ bá ráútà lókè kẹta. Bí fáíbà bá gé níta, iná mànàmáná ṣì ń lọ sínú kọnfátà náà, ó sì ń bá ráútà yín sọ̀rọ̀ lórí kọ́pà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ráútà rí i pé kọ́pà dára, ó ní ìsopọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ kọnfátà tó dára díẹ̀, àwọn bọ́tìnì kéékèèké kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ rẹ̀, èékánná ni ẹ máa fi tì wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n sábà máa ń kọ LFP sí. Ẹ tì í sí ON. Láti ìgbà náà, bí fáíbà bá kú, kọnfátà á pa ẹ̀gbẹ́ kọ́pà náà, ráútà yín á sì mọ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì náà gbọ́dọ̀ wà ní ON. Ọ̀pọ̀ ni kì í wà ní ON látinú páálí, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Rédíò náà ní irú rẹ̀. Ráútà yín so mọ́ rédíò tó wà nísàlẹ̀ òpó pẹ̀lú kébù mítà mélòó kan. Òjò Èkó bá dé, rédíò tó ń lo 60 tàbí 80 GHz ò rí ẹnì kejì rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kébù tó bọ́ sínú ráútà yín wà láyọ̀ àti àlàáfíà. Rédíò míì ní ètò tó jọ LFP, tó lè pa pọ́ọ̀tù kébù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kú; ó dára, ṣùgbọ́n kò lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí rédíò bá rí ẹnì kejì rẹ̀, tí ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ẹnì kejì sì ti kú.

Súwíìṣì ló wá burú jù, torí kò sí LFP fún un. Ẹ wo ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé láti ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀nà, bíi IXPN ní Èkó. Olúkúlùkù fa kébù tirẹ̀ dé súwíìṣì àárín. Bí kébù ẹnì kejì bá já, tiwọn ló já. Tiyín wà níbẹ̀, iná yín ń tàn. Ráútà yín á máa da pákẹ́ẹ̀tì sínú súwíìṣì, súwíìṣì á sì máa gbé e sọnù. Ìgbà tí ó bá rẹ BGP láti dúró ni ráútà yín máa tó gbà pé ẹni yẹn ti lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ya àwòrán ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹ sì fi gbogbo àpótí tó wà láàárín ráútà méjì sí i, títí kan èyí tó wà lára ògiri tí kò ní orúkọ. Ibi tí àpótí kankan kò bá sí, ẹ lè fi ọ̀ràn sílẹ̀ fún pọ́ọ̀tù. Ibi tí ó bá ti wà, ẹ nílò ohun tó kù nínú orí yìí.

Ọ̀nà tó ń lọ tí kì í bọ̀

Láàárín súwíìṣì méjì, ìsopọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lápá kan léwu ju èyí tó kú pátápátá lọ. Spanning Tree ń pa pọ́ọ̀tù kan mọ́ kí pákẹ́ẹ̀tì má bàa máa yípo, ó sì ń pa á mọ́ nítorí pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì ní ìṣẹ́jú àáyá 2, 2. Bí okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀ bá kú, tí pọ́ọ̀tù sì ṣì wà láàyè, súwíìṣì á rò pé ẹnì kejì ti lọ, á ṣí pọ́ọ̀tù náà. Ó di òbìrípo. Pákẹ́ẹ̀tì kan á di ẹgbàágbèje, gbogbo súwíìṣì inú ilé á sì dùbúlẹ̀ nítorí okùn kan ṣoṣo.

UDLD tí Cisco ṣe, tí wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní RFC 5171 lọ́dún 2008, wà fún èyí. Súwíìṣì kọ̀ọ̀kan á rán orúkọ ara rẹ̀ àti ti pọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ, á sì kọ orúkọ ẹni tó gbọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá gba ìwé tí orúkọ tirẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ á mọ̀ pé wọn ò gbọ́ òun. Pọ́ọ̀tù náà á wọ err-disabled, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ máa fi wá wò ó, àyàfi bí ẹ bá ti ṣètò pé kó dìde fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ló sábà máa ń wà láàárín ìwé kan sí èkejì, torí náà kò yára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má ṣe jẹ́ kí òbìrípo ṣẹlẹ̀. Ẹ má retí pé kó gba oníbàárà tó wà lórí fóònù là.

Hello tí àwọn ráútà ń kí ara wọn

OSPF ń kí aládùúgbò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 10, 10 lórí Ethernet. Bí kò bá gbọ́ ìkíni fún ìṣẹ́jú àáyá 40, ó gbà pé ó ti kú. BGP ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. RFC 4271 tó jáde ní 2006 dábàá pé kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90. Cisco ń dúró fún 180. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko nìyẹn tí ráútà yín á fi máa da ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sínú kòtò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ ní báńkì ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ POS ti sọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, oníṣòwò sì ti sọ fún oníbàárà pé kó lọ mú owó wá.

Ìkíni OSPF dára ní ọ̀nà kan: orúkọ àwọn tí ráútà gbọ́ wà nínú rẹ̀, torí náà ó mọ ìyàtọ̀ láàárín "mo ń gbọ́ ọ" àti "ìwọ náà ń gbọ́ mi". Ohun tó kù fún un ni ìyára. Ẹ lè dín nọ́ńbà rẹ̀ kù sí 1 àti 4, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. BGP náà kò kọ̀ kí ẹ sọ tirẹ̀ di ìṣẹ́jú àáyá 3, òun ni ó kéré jù tí òfin rẹ̀ gbà. Èmi kì í dámọ̀ràn rẹ̀. Ìkíni wọ̀nyí ń kọjá nínú ọpọlọ ráútà, níbi tí gbogbo iṣẹ́ tó kù ti ń ṣẹlẹ̀. Ráútà tó ní aládùúgbò ọgọ́rùn-ún, tó ń ka ọ̀nà tuntun lọ́wọ́, lè gbàgbé láti kí ẹnì kan fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Aládùúgbò yẹn á sọ pé ó ti kú, á da gbogbo ọ̀nà rẹ̀ nù, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lákọ̀tun, iṣẹ́ ọpọlọ á sì pọ̀ sí i. Mo fẹ́ kí ẹ fi OSPF àti BGP sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ fi iṣẹ́ ìṣọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

BFD

Ẹlòmíràn náà ni BFD. Dave Katz àti Dave Ward, tí wọ́n wà ní Juniper, ló kọ ọ́. RFC 5880 ni, ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2010. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Kò mọ ọ̀nà kankan, kò ka àdírẹ́sì kankan fún ẹnikẹ́ni, pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ju báìtì 24 lọ bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i. Ó ń rán an, ó ń gbà á, ó sì ń sọ fún OSPF tàbí BGP lójú ẹsẹ̀ tí kò bá gbọ́ mọ́. Nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ ráútà ńlá lè gbé e kúrò nínú ọpọlọ, kí wọ́n fi sínú ṣíìpù tó ń darí pákẹ́ẹ̀tì.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ jọ ẹni méjì tí wọ́n ń pe ara wọn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ẹni àkọ́kọ́ ní "hẹ́lò?" kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́: Down nìyẹn. Ẹnì kejì gbọ́, ó ní "mo ń gbọ́ yín, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?": ó ti di Init. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, ó ní "mo ń gbọ́ yín": ó di Up, nígbà tí ẹnì kejì bá sì gbọ́ èyí, òun náà di Up. Kò sẹ́ni tó lè dé Up láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti dé ọ̀hún tí èsì sì ti padà. Ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ti rí ìdáhùn.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú BFD, tí mo sì rí i pé àwọn ẹnjiníà tó dáńtọ́ pàápàá máa ń ṣì í lóye, ni ìṣirò àkókò rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń sọ nǹkan mẹ́ta fún ẹnì kejì: bí òun ṣe fẹ́ rán an yára tó, bí òun ṣe lè gbà á yára tó, àti nọ́ńbà ìlọ́po. Ẹni tó ń ránṣẹ́ kì í yára ju bí ẹni tó ń gbà ṣe lè gbà á lọ. Nọ́ńbà ìlọ́po tí ẹ sì kọ sínú ẹ̀rọ yín, ẹnì kejì ló ń lò ó láti fi mọ̀ bóyá ẹ ti kú.

Ká ṣe é lọ́wọ́. Ráútà Ìbàdàn fẹ́ rán an ní mílísẹ́kọ́ńdì 100, ó lè gbà ní 300, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 3. Ráútà Èkó fẹ́ rán an ní 200, ó lè gbà ní 200, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 5. Ìbàdàn fẹ́ 100, ṣùgbọ́n Èkó kò lè gbà á yára ju 200 lọ, nítorí náà Ìbàdàn á máa rán an ní 200. Èkó fẹ́ 200, Ìbàdàn ní 300 ni òun lè gbà, Èkó á máa rán an ní 300. Nísinsìnyí, ìgbà wo ni Èkó máa sọ pé Ìbàdàn ti kú? Ìlọ́po Ìbàdàn, 3, lọ́nà 200: mílísẹ́kọ́ńdì 600. Ìbàdàn ńkọ́? Ìlọ́po Èkó, 5, lọ́nà 300: 1500. Ìsopọ̀ kan náà, àkókò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ kò bá ní ìdí pàtàkì, ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó bá dé lẹ́yìn yín má bàa dààmú.

Lórí FRRouting, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ẹ kọ́kọ́ sọ "bfdd=yes" nínú /etc/frr/daemons, kí ẹ tún iṣẹ́ FRR bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà:

bfd
 peer 10.20.0.2
  detect-multiplier 3
  receive-interval 300
  transmit-interval 300

router bgp 65010
 neighbor 10.20.0.2 remote-as 65020
 neighbor 10.20.0.2 bfd

Fún OSPF, "ip ospf bfd" lábẹ́ ojú pọ́ọ̀tù tó. Ẹ fi "show bfd peers" wò ó. Bó bá dúró sí Down, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa wò ni fáyàwọ́ọ̀lù: BFD láàárín aládùúgbò méjì ń lo UDP 3784. Ohun kejì ni TTL. Pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé pẹ̀lú TTL 255. Bí ráútà kan bá wà láàárín tí ẹ kò mọ̀ sí, TTL á di 254, ẹni tó gbà á á sì sọ ọ́ nù láìsọ̀rọ̀. Ààbò ni, kí ẹni tó wà lókèèrè má bàa díbọ́n bí aládùúgbò. Fún àwọn tí ráútà míì wà láàárín wọn lóòótọ́, RFC 5883 ní irú tirẹ̀, lórí UDP 4784.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi pàṣípààrọ̀, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn láti ọwọ́ route server, BFD láàárín yín àti route server ń ṣọ́ ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan. Pákẹ́ẹ̀tì yín kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ó ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ọ̀nà náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ òun àti yín bá pọ̀, ẹ bá a ṣe BGP tààrà, kí ẹ sì fi BFD sí i.

Báwo ló ṣe yẹ kó yára tó?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 300 lọ́nà 3, tí í ṣe mílísẹ́kọ́ńdì 900. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ lọ tààrà sí 50 lọ́nà 3, ẹ bi í bóyá ráútà yín ń ṣe BFD nínú ṣíìpù. Bó bá jẹ́ inú ọpọlọ ló ti ń ṣe é, ọjọ́ tí ẹnì kan bá tẹ àṣẹ tó wúwo ni ìsopọ̀ tó wà láàyè á di òkú. Lórí rédíò, mo máa ń fẹ́ ìlọ́po 5, nítorí pé afẹ́fẹ́ lè jẹ pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tẹ̀ léra wọn nínú ìjì kí ó sì tún dára lẹ́yìn náà. Bí ètò kan bá wà nísàlẹ̀ tó ń yí fáíbà padà fúnra rẹ̀ láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 50, bíi ti SDH, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. BFD tó ń dúró fún 900 kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì dára.

Ìsopọ̀ tó kún ni mo bẹ̀rù jù. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo ilé ń wo fídíò, ìsopọ̀ kún dé ẹnu, ráútà bẹ̀rẹ̀ sí í da pákẹ́ẹ̀tì nù, ti BFD sì wà lára wọn. BFD ní ìsopọ̀ ti kú. Gbogbo ẹrù inú rẹ̀ bá wọ ìsopọ̀ kejì, ìyẹn náà kún, BFD tirẹ̀ náà ní ó kú. Àkọ́kọ́ ti ṣófo nísinsìnyí, ó dìde, ẹrù padà, ó tún ṣubú. Kí ẹ tó tan BFD, ẹ fi í sínú ìlà àwọn tó ń kọ́kọ́ kọjá, DSCP CS6, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì rí i dájú pé rédíò tàbí súwíìṣì àárín ń bọ̀wọ̀ fún àmì náà.

Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ má ṣe wàhálà. Mímọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan pé ọ̀nà ti kú kò wúlò fún ráútà tí kò ní ibòmíràn láti gbà.

Àwọn kébù tí ẹ dì pọ̀ di ọ̀kan nílò ọ̀rọ̀ díẹ̀. BFD tí ẹ bá fi sórí ìdì náà sábà máa ń gba inú kébù kan ṣoṣo kọjá. Kébù yòókù lè kú láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹ yí LACP sí fast, kó máa ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kí ó sì gbà pé kébù ti kú lẹ́yìn 3, dípò 30 àti 90. Bí èyí bá pẹ́ jù, RFC 7130 ti ọdún 2014 ní BFD fún kébù kọ̀ọ̀kan, lórí UDP 6784.

Ohun kan wà tí BFD kò lè rí: báìtì 24 rẹ̀ á kọjá níbi tí pákẹ́ẹ̀tì ńlá kò ti lè kọjá. Bí ẹnì kan bá yí MTU padà láàárín, BFD á wà ní Up, ping kékeré á ṣiṣẹ́, ìkànnì báńkì kò sì ní ṣí. Ẹ fi èyí wò ó:

ping -M do -s 1472 10.20.0.2

Báìtì 1472 pẹ̀lú 28 ti orí rẹ̀ jẹ́ 1500. Bí kò bá dáhùn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìdánwò

Yíyọ kébù kúrò lẹ́nu ráútà yín kì í ṣe ìdánwò BFD. Pọ́ọ̀tù ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ yọ kébù lẹ́yìn súwíìṣì, ní ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, kí iná tiyín ṣì máa tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ dán ọ̀nà tó kú lápá kan wò. Lórí Linux, ẹ lè di etí ráútà kan láìfọwọ́ kan okùn:

iptables -I INPUT -p udp --dport 3784 -j DROP

Ẹ jẹ́ kí ping máa lọ láti ẹ̀yìn ráútà kan dé ẹ̀yìn èkejì, kí ẹ sì ka iye tó sọ nù kí ọ̀nà kejì tó gbà á. Ẹ ṣe é lóru tàbí ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ fi -D dípò -I kí ẹ yọ òfin náà kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ sílẹ̀ nípa ìdí tó fi ṣubú. Pákẹ́ẹ̀tì BFD ní ibi tí wọ́n ń kọ ìdí sí, nọ́ńbà ni. 1 túmọ̀ sí pé àkókò mi ti pé, n kò gbọ́ nǹkan kan. 3 túmọ̀ sí pé aládùúgbò mi ló sọ fún mi pé òun ti ṣubú. 7 túmọ̀ sí pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ráútà tí ẹ di etí rẹ̀ á kọ 1, ẹnì kejì á kọ 3. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé lóòótọ́, bí Ìbàdàn bá kọ 1 tí Èkó sì kọ 3, okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ Èkó lọ sí Ìbàdàn ni kí wọ́n lọ wò: SFP Èkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ránṣẹ́, àti kọnẹ́tọ̀ Ìbàdàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń gbà. Bí àwọn méjèèjì bá kọ 1, gbogbo rẹ̀ ló kú, ẹ pe àwọn tó ni fáíbà tàbí ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ ibi tí súwíìṣì àárín wà.